Nígbà Tí Oògùn Kò Bá Ràn Mọ́: Ẹ̀kọ́ Nípa Yíìsì Tó Ń Fa Àrùn

Ẹ̀KỌ́ ÌLERA FÚN ÌPÀDÉ ÀWỌN OBÌNRIN

Bíbélì kíkà: Mátíù 13:33

Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ (1) ohun tí yíìsì jẹ́, (2) ọ̀nà tí yíìsì ń gbà borí oògùn, (3) ohun tí àwa obìnrin lè ṣe kí àwọn oògùn díẹ̀ tí a ní má baà di omi lásán.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lónìí kì í sábà dé orí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n kò ṣọ̀wọ́n nínú ilé wa. Ó jẹ mọ́ àìsàn kan tí obìnrin máa ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀, fún ìyá rẹ̀, àti fún nọ́ọ̀sì pàápàá, tí yóò sì wá lọ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ọmọkùnrin tí ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì. Àìsàn náà ni kí abẹ́ máa yún obìnrin, kí nǹkan funfun bí ògì tó dì máa jáde lójú ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni láti tú ohun tó díjú palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ pọ̀.

1. KÍ NI YÍÌSÌ?

Gbogbo wa la mọ ìwúkàrà tí obìnrin inú Bíbélì kíkà wa lò nínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Ohun alààyè ni. Òun ni àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù ni súgà. Bó ṣe ń bí sí i dà bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀: ọmọ a yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ọmọ náà a sì tún yọ ọmọ tirẹ̀. Yíìsì ló ń mú kí ẹmu hó nínú kèrègbè, òun ló ń mú kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan, ó sì wà nínú omidùn tí a fi ń rẹ ògì. Ọ̀rẹ́ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Yíìsì kì í ṣe ẹbí kòkòrò bakitéríà tí ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ẹbí olú ni, àti ẹbí ohun tí ń hù lórí búrẹ́dì tó bá ti bu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú ṣinṣin, nítorí oògùn tí ń pa bakitéríà kò lè pa yíìsì.

Oríṣi yíìsì tó ń gbé ara ènìyàn jù lọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Candida albicans. Ó máa ń wà lẹ́nu wa, nínú ìfun, àti lójú ara obìnrin, láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àwọn kòkòrò rere tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun ara wa ni kì í jẹ́ kó ráyè. Ìgbà tí ohun tó ká a lọ́wọ́ kò bá dín kù ni ó ń mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá lóyún, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí kòkòrò HIV bá ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, tàbí tó bá lo ọ̀pọ̀ oògùn bakitéríà tó pa àwọn kòkòrò rere náà, yíìsì a rí ọ̀nà, a sì pọ̀ sí i. Lẹ́nu ọmọ ọwọ́, òun ni ohun funfun tí a máa ń rí lórí ahọ́n, tí fífi aṣọ nù ú kì í jẹ́ kó tán. Lẹ́nu àgbàlagbà tó ń lo eyín àtọwọ́dá, ó máa ń sọ òkè ẹnu di pupa, a sì máa ta á.

Àwọn oníṣègùn sọ pé nínú obìnrin mẹ́rin, bí mẹ́ta ni àìsàn yíìsì abẹ́ yóò ṣe ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Nítorí náà kì í ṣe àmì àgbèrè, kì í sì í ṣe àmì ọ̀bùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n, bí ẹni pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ti kó o. Orúkọ yẹn ń ṣi wá lọ́nà. Ara obìnrin fúnra rẹ̀ ni yíìsì náà sábà máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ilé tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ láàrin tọkọtaya nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí ìyàwó ní ọkọ ló kó o wálé tàbí tí ọkọ ní ìyàwó ló rìnrìnkurìn, ìjà tí kò nídìí ni.

2. ÀWỌN OÒGÙN TÍ A NÍ

Ara yíìsì sún mọ́ irú ara tiwa ju ti bakitéríà lọ. Ìdí nìyí tí oògùn rẹ̀ fi ṣòro láti rí. Oògùn tí yóò pa á tí kò ní pa wá gbọ́dọ̀ wá ohun tí òun ní, tí àwa kò ní. Ohun kan bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀rá kan ni, tó wà nínú awọ tó yí yíìsì ká, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ergosterol. Láìsí ọ̀rá yìí, awọ yíìsì yóò máa jò bí agbè tó sán.

Obìnrin méjì ló kọ́kọ́ rí oògùn tó ṣeé fi ṣe ìtọ́jú yíìsì lára ènìyàn láìléwu púpọ̀. Elizabeth Lee Hazen àti Rachel Fuller Brown ni orúkọ wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́. Hazen wà ní ìlú New York, Brown wà ní Albany. Hazen a máa kó erùpẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi, a máa wá ohun alààyè inú rẹ̀ tó lè pa yíìsì, a sì fi ránṣẹ́ sí Brown nínú ìgò nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Brown a yọ oje oògùn inú rẹ̀, a sì dá a padà fún un láti dán an wò. Erùpẹ̀ tó ṣe oríire náà wá láti oko àwọn ọ̀rẹ́ Hazen ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní ọdún 1950 ni wọ́n kéde rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní nystatin, láti rántí New York State. Owó tó wọlé lórí oògùn náà lé ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Àwọn méjèèjì kò fi kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ sápò. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àpẹẹrẹ rere ni fún àwa obìnrin.

Nystatin a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ara yíìsì, a sì dá a lu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni clotrimazole dé, tí a ń fi pa ara tàbí tí a ń fi sí ojú ara, àti fluconazole, èyí tí a ń gbé mì. Àwọn wọ̀nyí kì í lu awọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń dá ẹni tí ń ṣe ọ̀rá náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn oògùn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ọsibítù ńlá ni a ti ń fà á sínú iṣan aláìsàn, owó wọn sì ga. Bí ẹ bá ka ìdílé oògùn yíìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn tí a ní.

3. BÍ YÍÌSÌ ṢE Ń BORÍ OÒGÙN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara aláìsàn ló mọ oògùn lára tí oògùn kò fi ràn mọ́. Kì í ṣe ara aláìsàn, yíìsì náà ni. Ẹ wo iná ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń jó pápá wa ní Òkè-Ògùn lọ́dọọdún. Iná a kọjá, koríko a jó, àwọn igi tí èèpo wọn fẹ́lẹ́ a kú. Ṣùgbọ́n igi òrí àti irúgbá a dúró, nítorí èèpo wọn nípọn. Iná kọ́ ló fún wọn ní èèpo. Wọ́n ti ní in kí iná tó dé. Iṣẹ́ tí iná ṣe ni pé ó pa àwọn tó kù, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Bí a bá ń dá iná sun ibì kan lọ́dọọdún, àwọn igi tí iná kò lè pa nìkan ni yóò kù níbẹ̀.

Bí oògùn ṣe rí sí yíìsì nìyẹn. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún yíìsì tó wà lára aláìsàn, a lè rí ọ̀kan tàbí méjì tí ìbí wọn yàtọ̀ díẹ̀. Oògùn a pa àwọn tó kù, àwọn yìí a yè, wọn a sì bí irú ara wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yè pín sí mẹ́rin:

(a) Wọ́n ń pààrọ̀ ihò kọ́kọ́rọ́. Oògùn bíi fluconazole dà bí kọ́kọ́rọ́ tó wọ ara ẹni tí ń ṣe ọ̀rá náà, tó sì tì í pa. Bí ẹni náà bá yí padà díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò ní wọlé mọ́. Iṣẹ́ a sì máa lọ.

(b) Wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Yíìsì mìíràn a ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀rá náà ní ìlọ́po ìlọ́po, tí oògùn tí a lò kò fi ní lè ká gbogbo wọn mọ́.

(d) Wọ́n ń gbọ́n oògùn dànù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára awọ yíìsì tó ń ti ohun tí kò fẹ́ síta. Yíìsì tó bá ní ẹ̀rọ yìí púpọ̀ yóò máa gbọ́n oògùn jáde bí ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Oògùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀ tó láti ṣiṣẹ́.

(e) Wọ́n ń kó ara wọn jọ. Ẹ rántí ohun yíyọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò omi tí a kò bá fọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Yíìsì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára eyín àtọwọ́dá àti lára rọ́bà tí wọ́n fi sára aláìsàn ní ọsibítù. Oògùn kò lè ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn mẹ́rin wọ̀nyí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti ìbí wọn ni fluconazole kò ti ràn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Candida krusei tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Pichia kudriavzevii nísinsìnyí. Àwọn olùwádìí ní Abẹ́òkúta ti rí i lára àwọn yíìsì tó ń mú ògì kan. Kí ẹ má ṣe torí èyí da ògì nù o! Iná a máa pa á bí a bá ti se ẹ̀kọ, kì í sì í yọ ẹni tí ara rẹ̀ le lẹ́nu. Ohun tó kọ́ wa ni pé orúkọ yíìsì tó wà lára aláìsàn ṣe pàtàkì. Oògùn tó wo aládùúgbò rẹ sàn lè má ran tìrẹ rárá.

Ti nystatin yàtọ̀ díẹ̀. Láti bí ọdún márùndínlọ́gọ́rin tí a ti ń lò ó, yíìsì tó borí rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìdí ni pé yíìsì tó bá fẹ́ sá fún un gbọ́dọ̀ yí ọ̀rá ara rẹ̀ gan-an padà, èyí a sì sọ ọ́ di aláìlágbára.

4. BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE TÀN KÁ AYÉ

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí àrùn éèdì gbóná tí oògùn rẹ̀ kò tí ì tó, ọ̀pọ̀ aláìsàn lo fluconazole fún oṣù àti ọdún nítorí yíìsì ẹnu. Nígbà tó yá, kò ràn lára ọ̀pọ̀ wọn mọ́.

Ní ọdún 2009, àwọn dókítà ní Japan rí yíìsì tuntun kan nínú etí ìyá arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ní Tokyo. Wọ́n sọ ọ́ ní Candida auris, nítorí auris ni etí ní èdè Látìn. Láìpẹ́ ó ti dé ọsibítù káàkiri ayé, South Africa àti Kenya kò gbẹ́yìn. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, bíi mẹ́sàn-án ni fluconazole kò ràn. Ó máa ń pẹ́ lára bẹ́ẹ̀dì àti lára ohun èlò, ó sì máa ń ti ara aláìsàn kan dé ara òmíràn. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ó lè pa á.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé to orúkọ ẹ̀dá 19 nínú ìdílé olú tó yẹ kí ayé sá fún. Mẹ́rin ló wà ní ipò àkọ́kọ́. Mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ni yíìsì, Candida auris àti Candida albicans tí gbogbo wa ń gbé kiri sì wà lára wọn. Nílé wa níbí, Dókítà Rita Oladele àti Ọ̀jọ̀gbọ́n David Denning ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 pé ó lé ní 11 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí ìdílé yìí ń dà láàmú gidigidi lọ́dọọdún, tí a bá ka làpálàpá orí àwọn ọmọ wa mọ́ ọn.

5. ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́, ẹni ọdún 56, tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Abẹ́ ń yún un. Ó lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n di oògùn oríṣi mẹ́ta sínú ọ̀rá fún un: oògùn bakitéríà méjì àti fluconazole ẹyọ kan. Ara tù ú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà wá. Ó tún rà á. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó fi álọ́ọ̀mù àti ọṣẹ fọ inú abẹ́, ó bó o. Ó pín èyí tó kù nínú oògùn fún ọmọ rẹ̀ tó lóyún. Ní ọdún kan, ó ti rà á bí ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ẹ ka àṣìṣe inú rẹ̀. Oògùn bakitéríà pa àwọn kòkòrò rere, ó sì fi ilé sílẹ̀ fún yíìsì. Fluconazole tí ó ń gbé mì lóòrèkóòrè ni iná ọ̀gbẹlẹ̀ tí a sọ, tó ń ṣa àwọn tí kò lè pa sílẹ̀. Ọmọ tó lóyún kò yẹ kó gbé e mì láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ọmọ inú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni pé kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fà á. Yíìsì kì í sábà yọ obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ lẹ́nu lásán. Bí ìyá yìí bá jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtọ̀gbẹ tí kò mọ̀ pé òun ní. Súgà tó pọ̀ lára rẹ̀ ni yíìsì ń jẹ. Bí ó tilẹ̀ gbé gbogbo oògùn inú kẹ́mísìtì mì, ṣe ni yóò máa padà, títí àtọ̀gbẹ yóò fi ba ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a di àwọn nǹkan wọ̀nyí mú:

(i) Kí a ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo oògùn. Kì í ṣe gbogbo yíyún abẹ́ ni yíìsì. Bí ohun tó ń jáde bá ń rùn bí ẹja, tàbí tó bá ní àwọ̀ ewé, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dunni, ó lè jẹ́ àrùn mìíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ọsibítù ni kí a lọ lọ́jọ́ náà, nítorí jẹjẹrẹ a máa bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

(ii) Kí a lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kí a lò ó. Fún àìsàn tí kò le, ẹyọ fluconazole kan tó 150 miligíráàmù lè tó. Bí wọ́n bá fún wa ní clotrimazole ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje, kí a má ṣe dá a dúró lọ́jọ́ kejì nítorí pé ara tù wá.

(iii) Bí ó bá wá tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kí a má ṣe rà á lẹ́ẹ̀kẹrin fúnra wa. Kí a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mọ irú yíìsì tó jẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀gbẹ àti HIV wò. Ìtọ́jú tirẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà lábẹ́ ojú dókítà.

(iv) Kí a má ṣe pín oògùn bí iyọ̀.

(v) Kí a yé fi ọṣẹ, álọ́ọ̀mù tàbí omi apakòkòrò fọ inú ojú ara. Omi lásán lóde rẹ̀ ti tó.

(vi) Kí a yẹra fún ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú tíúbù kan. Ọ̀kan nínú rẹ̀ sábà máa ń mú kí yíyún rọlẹ̀ nípa dídá àwọn ọmọ ogun ara dúró. Ara a tù wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá a máa pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀.

(vii) Kí àwọn ìyá àgbà yọ eyín àtọwọ́dá lálẹ́, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Bí a bá lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, kí a fọ ọwọ́ kí a tó wọlé àti nígbà tí a bá jáde.

6. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin yíìsì àti bakitéríà? Kí nìdí tí oògùn bakitéríà fi lè dá kún àìsàn yíìsì?
2. Ẹ fi àpèjúwe iná ọ̀gbẹlẹ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí oògùn ṣe ń di èyí tí kò ràn mọ́.
3. Kí ló ń mú kí obìnrin àdúgbò wa tijú láti sọ àìsàn abẹ́ fún nọ́ọ̀sì? Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè mú ìtìjú náà kúrò?
4. Ta ni nínú wa tí kò tí ì yẹ súgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ọdún kan?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan pe nọ́ọ̀sì kan láti ibùdó ìlera tó sún mọ́ wọn wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kó wá yẹ súgà ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ tàbí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan dání. Ohun tí a bá kọ́ wọn níṣojú wa ni wọn kò ní lọ fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè ní kẹ́mísìtì.